Ìdí Tí Mo Fi Ju Ṣọ́bìrì Sílẹ̀ Ní Sàréè Àna Mi

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Mọ́rúfù àti ìyàwó rẹ̀, mo kí Ìyá Rìsíkátù tó ń bá yín pọn omi. Èmi ọmọ yín tó wà ní Ìsọlọ̀ ni mo ń kọ̀wé.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti gbọ́ lẹ́tà mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí àwọn àna mi, wọn ò ṣí ọ̀kankan. Wọ́n fún awakọ̀ kó dá a padà fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Tíṣà ìlú wa a máa ka ìwé ìròyìn sókè fún àwọn àgbà níwájú ilé àwọn àna mi ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ọdún Iléyá la wá ṣe nílé nígbà tí bàbá ìyàwó mi kú. Ẹ mọ̀ pé ní àdúgbò wa, ọkọ ọmọ ló ń kọ́kọ́ wọ inú sàréè, òun ni yóò gbẹ́ ẹ títí yóò fi dé àyà rẹ̀ kí àwọn yòókù tó gbà á. Mo bọ́ra, mo wọlé. Mo gbẹ́ ẹ dé orúnkún, mo gbẹ́ ẹ dé ìbàdí. Nígbà tí ilẹ̀ dé àyà mi, mo ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, mo gùn jáde, mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀ títí dé ibùdókọ̀. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi pariwo tẹ̀lé mi pé ṣé owó epo Èkó ló sọ ọwọ́ mi di ọwọ́ ọmọge ni, pé kí n dúró kí wọ́n bá mi lé làálì. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni Sàfúrátù ìyàwó mi ti wà lọ́dọ̀ wọn, òun àti ọmọ wa. Wọ́n ní ẹni tí kò lè gbẹ́ sàréè àna kì í ṣe àna.

Màmá, kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò tíì sọ láti ìgbà tí ogun abẹ́lé tí mo lọ jà ti parí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé eré sísá pẹ̀lú ìbọn ni ogun. Ìjókòó ni. A gbẹ́ kòtò tó gùn bí ọ̀nà oko, tó jìn dé ọrùn, inú rẹ̀ la sì ń gbé. Nígbà òjò, omi kì í kúrò lẹ́sẹ̀ wa. Bí mo bá bọ́ bàtà, awọ ẹsẹ̀ mi a bá a lọ. Iná aṣọ ń jẹ wá, eku ń sùn tì wá nítorí pé òtútù ń mú òun náà. Omi òjò la fi ń rẹ gààrì. Iyanrìn ni ṣúgà rẹ̀. Àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ tilẹ̀ dá ìkíni tiwa sílẹ̀: bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ní ẹ kú kòtò o, ẹni tí a kí á dáhùn pé kòtò á gbè wá.

Àwọn ọ̀tá kò jìnnà, a ń gbọ́ ikọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ kan, ọ̀kan nínú wọn ké láti inú kòtò tirẹ̀, ó ní bí a bá ní iyọ̀, kí a jọ̀ọ́ ju díẹ̀ sí òun, pé ọbẹ̀ òun dà bí omi ìfọṣọ. Àlàbá ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé kó wá gbà á, òun á fi ata lé e. Wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, àwa náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, a yìnbọn sí ara wa bí a ti ń ṣe. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ogun láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí èyí tó sọ fún mi ohun tó wà láàárín ẹ̀rín yẹn àti ìbọn yẹn.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàbá, aláwàdà ni. Ògiri kòtò tó ti mu omi a máa wó, nítorí náà òfin kan wà: bí ẹnìkan bá ń gbẹ́ ẹ jìn sí i, ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró létí, kó máa pe orúkọ rẹ̀, kí ẹni tó ń gbẹ́ máa dáhùn. Bí kò bá dáhùn, kí a tètè hú u. Lọ́jọ́ kan, Àlàbá ń gbẹ́, èmi ń pè. Ó ní orúkọ òun á gbó mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé kan wà lápò mi. Mo ní kí n ka ojú ewé kan péré. Mo ka méjì. Nígbà tí mo pè é, kò dáhùn. Ìgbà tí a fi ọwọ́ hú u jáde, amọ̀ ti kún ẹnu rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Wọ́n ní òjò ni. Èmi náà kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé òjò ni. Mo ti pa ìlà yẹn rẹ́, mo tún un kọ, mi ò mọ iye ìgbà.

Ohun tó ṣe mí nínú sàréè nìyẹn. Ilẹ̀ dé àyà mi, mo wòkè, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi.

Níbí, gbogbo ayé ló ń kọ́lé. Wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà tuntun l'Ọ́ṣòdì, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní Òkòtà. Ibi tí mo bá yíjú sí, kòtò ni, omi òjò á sì kún un. Ẹ̀bá ojú irin ni mo ń gbà lọ sí ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kí n má bàa kọjá létí wọn. Ọ̀gá mi bi mí bóyá mo ní àlè lójú irin ni. Yàrá mi dákẹ́ láti ìgbà tí Sàfúrátù ti lọ.

Mi ò bẹ àwọn àna mi pé kí wọ́n fi àánú dá ìyàwó mi padà. Bàbá ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ kànga kan lẹ́yìnkùlé wọn kí ó tó kú. Kànga náà dúró ní ìwọ̀n gíga ènìyàn. Bàbá náà máa ń sọ pé òun ń dúró de ọ̀wẹ̀ àna òun, èmi a sì ní iṣẹ́ kò jẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo ń bọ̀ wá gbẹ́ ẹ kan omi. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí n tún sá. Ṣùgbọ́n bí mo bá kan omi, kí wọ́n jẹ́ kí Sàfúrátù àti ọmọ wa bá mi lọ.

Màmá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yín wá sétí kànga náà. Ẹ máa fi oríkì mi pè mí. Kò sẹ́ni tó ń fi í pè mí l'Ékòó. Ẹ má ṣe dákẹ́, kódà bí ó bá sú yín, kódà bí wọ́n bá ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà á máa dáhùn.

Ọlọ́run á dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Bí ẹnìkan bá sì mọ ìyá Àlàbá ní Ògbómọ̀ṣọ́, kó jọ̀ọ́, kó ka èyí fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní