Ṣúgà Tó Ṣẹ́ Kù Nínú Bíà Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà, 2024

168. Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dókítà ló gún mi níka, ló kọ ọ́ síwájú mi. Èmi tí mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀ o! Ó ní ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi, kò yẹ kó kọjá ọgọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fún mi – kí n dín oúnjẹ kù, kí n máa rìn, kí n pa dà wá ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù keje. Tí kò bá wálẹ̀, oògùn ló kù. Ó wá bèèrè bóyá mo ń mu ọtí. Mo ní bíà tí mo fọwọ́ ara mi pọn ni, ìgò ńlá kan lójúmọ́. Ó ní kí n fi í sílẹ̀.

Kí n fi kí ni sílẹ̀? Ogójì ọdún ni mo fi tún fíríìjì ṣe ní Ìgbògbò yìí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, bíà yìí nìkan ni ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe tí èèyàn ṣì ń yìn. Ọkà bàbà ni mo fi ń pọn ọ́n, ewúro ni mo fi ń mú un korò. Mo ní, dókítà, ohun tó korò tó báyìí, ibo ni ṣúgà fẹ́ gbà débẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dáa, kí n mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí! Yóò rí ẹ̀rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Mo sọ fún Adájọ́. Agnes ìyàwó mi ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí Adájọ́ lorúkọ rẹ̀, nítorí tó bá ti dájọ́ nínú ilé yìí, ó parí. Ọmọ Ìlàjẹ ni, abúlé apẹja létí ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí i. Olórí àwọn obìnrin ni nínú ìjọ wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò fẹnu kan ọtí rí.

Mo rò pé yóò ní kí n da gbogbo rẹ̀ nù. Rárá o. Ó kàn ní, “Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ ṣáà ní ọ̀pá.”

Ọ̀pá gíláàsì tí Tẹ́milọ́rùn ọmọ wa rà fún mi ló ń wí. Ìdí rẹ̀ wúwo, orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Tí mo bá jù ú sínú omi lásán, yóò dúró lórí òdo. Inú omi tó dùn, yóò léfòó sókè – bó bá ṣe dùn tó ni nọ́ńbà á ṣe ga tó. Ẹlẹ́rìí ni mo ń pè é. Kì í purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Mo pọntí. Ọkà tí mo ti rẹ, tó ti hù, tí mo ti sá, ni mo lọ̀ tí mo sè. Ẹlẹ́rìí ní 48 kí n tó da yíìsì sí i. Adájọ́ bá mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọnú fíríìjì àlòkù tí mo fi ń mú un tutù. Ọwọ́ rẹ̀ le ju tèmi lọ, mi ò jẹ́ jẹ́wọ́ níta.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kẹfà

Ó ń hó. Ó ń hó bí ìkòkò ẹ̀wà!

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹfà

19. Yíìsì ń jẹ ṣúgà bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi àsè.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù kẹfà

MẸ́TA! Láti 48 dé 3! Fáṣínà aládùúgbò wa, tó ń jó irin lódìkejì ọ̀nà, tọ́ ọ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí dídùn kankan níbí.” Mo jó yípo àgbàlá. Èmi Olúsànyà, mo ti bọ́. Ọmọ dókítà yẹn yóò kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Adájọ́ ti ba ayọ̀ mi jẹ́.

Ó ń ṣa edé lórí ìjókòó, ó kàn béèrè wẹ́rẹ́ pé ọtí àti omi, èwo ló fúyẹ́? Mo ní ọtí ni. Ó wá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọ ọ̀sà, omi á níyọ̀, ọkọ̀ á sì léfòó dáadáa. Tí òjò bá dé, omi odò á fọ iyọ̀ náà lọ. Ọkọ̀ kan náà, ẹrù kan náà, èèyàn kan náà – ṣùgbọ́n ọkọ̀ á rì débi pé omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọlé. Ẹrù kò pọ̀ sí i. Omi ló fúyẹ́.

“Bàbá Tẹ́mi, ọ̀pá yín yìí, ọkọ̀ ni. Ṣé ṣúgà ló tán, àbí ọtí tó fúyẹ́ ló jẹ́ kó rì?”

Mo bínú. Mo ní kí ni ẹni tí kò fẹnu kan bíà rí mọ̀ nípa bíà. Ó ní lóòótọ́ ni, òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ń bá edé rẹ̀ lọ. Obìnrin yìí!

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Mo wọn bíà náà lítà kan. Mo sè é títí ó fi ku ìdajì, kí ọtí inú rẹ̀ bá ooru lọ. Mo jẹ́ kó tutù, mo fi omi kún un pa dà dé ojú lítà. Mo ju Ẹlẹ́rìí sí i.

11.

Kì í ṣe 3. Mọ́kànlá! Adájọ́ ò ṣí ìwé kankan o. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló fi mú mi.

Mo pe Tẹ́mi ní Ẹ̀pẹ́, níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sunkún. Ó bá mi ṣírò rẹ̀: ohun tó ṣẹ́ kù nínú ìgò ńlá kan tó kóró ṣúgà mẹ́rin. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í dùn lẹ́nu, inú ara ló ti ń di ṣúgà, ewúro sì tún ń bo ìyókù mọ́lẹ̀. Èyí tó dùn mí jù: ó ní ọtí fúnra rẹ̀ oúnjẹ ni, agbára tó ń fún ara tó ìlọ́po mẹ́ta ti ṣúgà tó ṣẹ́ kù yẹn. Ó sì ń fi ọ̀rá kún ikùn. Yíìsì ò kó ẹrù náà lọ, ó kàn pààrọ̀ àpò rẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 oṣù kẹfà

Mi ò mu nǹkan kan. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹfà

Mo bẹ Adájọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ẹ̀bẹ̀ kí ni. Mo ní ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ti gbàgbé, irọ́ ni. Mo ní ó dà bíi pé bíà mi ti parí. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá òun kì í bá omi jà, tí òjò bá ti dé, ẹrù ló ń dín kù. “Ẹ dín ọkà kù látìbẹ̀rẹ̀.”

Mo wò ó. Irú orí wo nìyí? Ká ní wọ́n rán an nílé ìwé tó bó ṣe yẹ, òun ni ì bá máa gún èèyàn níka.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹfà

Ìdajì ọkà. Mo yan díẹ̀ nínú rẹ̀ kó lè ní adùn àyangbẹ. Ẹlẹ́rìí ní 24.

Ọjọ́ Ajé, 8 oṣù keje

Mo sè é, mo fi omi kún un: 5. Ọtí inú rẹ̀ náà ti di ìdajì. Ife kékeré kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mò ń rìn láràárọ̀. Ṣòkòtò mi ti ń já bọ́. Fáṣínà ní ṣé omi ni mo fẹ́ fún òun mu ni – ó sì gbé ife wá lẹ́ẹ̀kejì, olè!

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù keje

121.

Dókítà ka gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ìyàwó mi ni, mo fi í yangàn dáadáa. Ó wá ní ìyàwó mi ti wá sọ́dọ̀ òun, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Agnes rọ bíà mi sínú ìgò omi, ó gbé e lọ bá wọn. Ó ní kí wọ́n gún òun níka, kí òun mu ún níwájú wọn, kí wọ́n tún gún òun, kí òun lè mọ ohun tí yóò ṣe nínú èèyàn kí èmi tó mu òmíràn. Olórí àwọn obìnrin ìjọ! Wọ́n ṣàlàyé fún un pé ara rẹ̀ kì í ṣe ara mi, kò ní fi nǹkan kan hàn. Ó ní kí wọ́n ṣáà gún òun.

274. Kò tíì jẹun. Ìgò wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, kò tíì fẹnu kàn án. Wọ́n gún ìka mìíràn: 281.

Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó gba ìwé oògùn, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ fún mi títí tèmi yóò fi parí, pé tí mo bá gbọ́, màá gbàgbé tèmi. Kò pa dà lọ láti ọjọ́ náà.

Mo bá a nídìí ẹja tó ń fọ̀. Mo fi 121 hàn án. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì tó tutù sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní, “Tìrẹ ńkọ́?”

Ó jókòó. Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Tẹ́mi.” Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo jókòó tì í, èmi ni mo fọ ẹja ìyókù.

Aago méje òwúrọ̀ ọ̀la la ó wà lọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ jẹun kó tó wá. Èmi náà ò ní jẹun.