Igbá Ọsàn, Igba Ọsàn

Thomas Estate,
Ajah,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Ajé.

Ọlákẹ́mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

"Láti òní lọ, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí àṣírí kankan mọ́ nínú ẹran ara ọmọ ènìyàn. Àwa onímọ̀ ti ka ìwé ìyè tán, láti páálí iwájú dé páálí ẹ̀yìn!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan wí lọ́sẹ̀ tó kọjá ní gbọ̀ngán kan ní Victoria Garden City, níbi tí Modúpẹ́ ọmọ mi fi mọ́tò gbé mi lọ. A pàtẹ́wọ́ títí. Èmi náà pa tèmi, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ dára púpọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó ti ka ìwé ìyè tán bẹ̀rẹ̀ sí í wá awò ojú tó wà níwájú orí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńlá yẹn ni mo wá kí ọ. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà. Tèmi náà kò burú. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń bá mi jà, èyí òsì sì ń ṣe alárinà. Bí ó bá ń yà ọ́ lẹ́nu pé ta ló ń kọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí ni, tó kọ́ yín ní bàọ́lọ́jì. Amíbà lẹ ń pè mí lẹ́yìn. Mo mọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ Tolúwani, ọmọ Modúpẹ́, ló mú mi gbé bírò. Mo fẹ́ kọ́ ọmọ náà bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ ohun tí a jogún di pùrótíìnì, òun ló dá mi dúró: "Gránpà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún yín. Gírámà yín máa ń pọ̀ jù." Ó ní ká ronú nípa ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan. Ìwé ìran ńlá kan, tí wọ́n ń kọ ohun tí wòlíì bá rí sí, wà nínú yàrá àárín, wọn kì í gbé e jáde. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá wà nínú rẹ̀, akọ̀wé á da ti ẹni náà nìkan kọ sínú pélébé ìwé, pélébé yẹn ló ń gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ẹni tó gbà á níta á máa kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta. Lẹ́tà mẹ́ta, ohun kan: àbẹ́là. Lẹ́tà mẹ́ta mìíràn: oyin. Òmíràn: iyọ̀. Àwọn tí wọ́n ń rán níṣẹ́ wà nílẹ̀, kálukú pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tó lè gbé wá, wọ́n á sì máa so ó mọ́ra tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Bí ó bá kan Àmín, wọ́n á dúró. Ohun tí wọ́n so yẹn ni pùrótíìnì.

Mo ní, "Ta ló kọ́ yín báyìí?" Ó ní Àǹtí Ràhmát, tíṣà wọn ní Ṣàngótẹ̀dó. "Wọ́n ní ẹnì kan nínú kíláàsì àwọn ló kọ ọ́ nínú ìdánwò nígbà láéláé, tíṣà ẹ̀ wá fún un ní òdo. Gránpà, irú tíṣà wo nìyẹn?" Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tíṣà tó gbọ́n díẹ̀. Ó ní, "Rárá o."

Ọlákẹ́mi, gbogbo ọdún 1999 ló padà dé bá mi lórí àga. Mo rí àbàtà tó wà níbi tí wọ́n kọ́ ilé tí mo ń gbé yìí sí, tí ẹ máa ń bọ́ bàtà kí ẹ tó là á kọjá wá síléèwé. Mo gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀kì, mo rí maikirosíkóòpù wa kan ṣoṣo, tí ogójì ọmọ máa ń tò sí bíi pé wọ́n fẹ́ gba ìbùkún. Mo rí ìwọ náà ní ìjókòó kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọmọ tó ń ṣe akọ̀wé ìran ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn létí ọ̀sà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ràn ìgbà yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ìgbà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń dìde fún mi.

O kọ ọ́ sínú ìdánwò náà pé ní ọjọ́ kan wòlíì wà nínú ẹ̀mí, ó ní kí ìyá kan gbé igbá ọsàn wá. Ìwọ tí o dà á kọ sínú pélébé gbàgbé àmì orí "a". Ìyá náà kó igba ọsàn dé, ó kà á pé, gbogbo ìjọ sì jẹ ọsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O ní wòlíì kò purọ́, ìyá náà kò ṣìwé kà, àmì kan ló jábọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà kan ṣoṣo láàárín irinwó àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe ń yí padà, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto á tẹ̀ bíi dòjé, tí ọmọ á fi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló kọ èyí o. Èmi tí mo kàwé ni kò kà á dáadáa.

O rántí ohun tí mo ṣe. Mo dìde, mo kà á sókè, mo ní, "Ẹ gba Wòlíì Ọlákẹ́mi! Ẹ̀mí ti bà lé bàọ́lọ́jì!" Kíláàsì ké "Halelúyà!" Mo fi bírò pupa kọ òdo nínú mẹ́wàá. Nígbà tí sáà tuntun wọlé, o kò sí nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì mọ́. N kò béèrè. Mo rò pé ìwé ló le fún ọ.

Ràhmát wá kí mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òun náà ké Halelúyà lọ́jọ́ yẹn, òun sì ti ń fi ìdáhùn rẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ìgbà tí òun ti di tíṣà. Mùsùlùmí tó ń fi ìwé ìran ṣàlàyé sẹ́ẹ̀lì. Ó ní o ní ṣọ́ọ̀bù tí o ti ń rán sùtánà. Ó tún sọ ohun tí kò jẹ́ kí n jẹun: pé Olúwadábírà ọmọ rẹ fẹ́ wọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì, o kọ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó ní o sọ pé, "Wọ́n fi ẹ̀rín lé èmi jáde níbẹ̀. Wọn ò ní fi ọmọ tèmi náà rẹ́rìn-ín." Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn.

Ìyá Dábírà, jọ̀wọ́, fọwọ́ sí i. Kì í ṣe ọmọ náà ló ṣẹ̀ ọ́, kì í sì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Èmi ni. Mo tún ìdáhùn rẹ yẹ̀ wò: nínú ìtàn rẹ, ìwé ńlá péye, pélébé ló ṣìnà, ṣùgbọ́n nínú àrùn yẹn, inú ìwé ńlá gan-an ni àṣìṣe wà, gbogbo pélébé tó bá jáde á sì máa gbé e. Máàkì kan ni mo lè yọ fún ìyẹn. O gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ràhmát ní kí n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Mo ní ohun tí mo fi bírò bà jẹ́, bírò ni n ó fi tún un ṣe.

Mo tọrọ àforíjì. Bí o bá kọ̀, o kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n má fi ọmọ san án fún mi. Kí Olúwa bù kún ọwọ́ rẹ, kí abẹ́rẹ́ má gún ọ. Kí ọmọ rẹ dé ibi tí mo ti dá ọ dúró, kí ó sì kọjá rẹ̀.

Èmi ni olùkọ́ rẹ àtijọ́, tí o ti kọ́ ní ẹ̀kọ́,
Ọlálérè Akínlabí.

Àfikún: Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà. Láti àná ni mo ti ń gbìyànjú láti rántí àwọn mìíràn tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà níwájú kíláàsì. Orúkọ méjì péré ló wá, ìwọ sì ni ọ̀kan. Àwọn mélòó ni mo lé jáde bẹ́ẹ̀ tí n kò mọ̀?