Ife Bàbà Tó Bá Àna Lọ

                                        Ilé Ìyá Rhoda,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Kábbà,
                                        Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Karùn-ún, ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Lájídé,

Kí o tó ka ìlà kejì, jókòó dáadáa, nítorí ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ mọ́. Èmi ni mo ju irin gbígbóná sínú omi, tí mo wọn ooru rẹ̀, tí iye tí mo rí sì bá ti inú ìwé mu géérégé, kò fi bín-ín-tín lé, kò fi bín-ín-tín dín. Ojú kan ni mo fi ṣe é, mo ń fi èkejì sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló wá láti Lọ́kọ́ja láti wá wo ọwọ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn sunkún.

Okun o, ọmọ Ìkòyí. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé ilẹ̀ dáadáa? Màmá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bínú sí mi nítorí ewúrẹ́ wọn tí mo gùn bí ọ̀kadà? Glory àbúrò rẹ ńkọ́? Iṣu yín ńkọ́, ṣé òjò ti ń rọ̀ fún yín lọ́hùn-ún? Àwa níbí wà láàyè, a dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi kò dájú ju Ọjọ́bọ̀ lọ.

Lájídé, mo ti kó sí wàhálà. Kì í ṣe irú èyí tí mo máa ń fi pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Fóònù mi wà lọ́wọ́ Tíṣà Andrew tó ń kọ́ wa ní físíìsì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí bàbá arúgbó. Bọ̀dá Dáníẹ́lì awakọ̀ ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́ lọ́la, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pẹ̀lú àpò kékeré kan. Má tú àpò náà títí o fi máa kà á débi tí mo ti sọ ọ́.

Ife kan ṣoṣo la ní nílé-ìwé wa tí a fi ń wọn ooru. Kalorímítà ni wọ́n ń pè é. Ife bàbà kékeré ni, ó jókòó sínú àpótí igi tí wọ́n fi òwú dí inú rẹ̀ kí ooru má bàa sá lọ. Ọmọrí rẹ̀ ní ihò méjì, ọ̀kan fún tẹmómítà, ìkejì fún wáyà tí a fi ń ro omi. O máa se irin títí yóò fi gbóná bí ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ, o máa yára sọ ọ́ sínú omi tútù inú ife náà, o máa wá wo ibi tí tẹmómítà gùn dé. Ooru tó jáde lára irin, omi àti ife ló gbà á, ibẹ̀ lo sì ti máa ṣírò iye ooru tí irin náà ń gbà kó tó gbóná sí i. Òye rẹ̀ kò le, ọwọ́ rẹ̀ ló le. Bí o bá lọ́ra díẹ̀, ooru ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ìṣirò rẹ á sì máa purọ́ fún ọ.

A pọ̀ ní kíláàsì, ife náà kò ju ọ̀kan lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwa ará ẹ̀yìn, sítóòfù ti kú, agogo ti lù. Ọjọ́bọ̀ yìí gan-an sì ni ìdánwò àfọwọ́ṣe wa ní wáẹ̀kì. Ni mo bá lọ bẹ Tíṣà Andrew ní Ọjọ́ Ẹtì pé kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e lọ sílé fi dánra wò. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní orúkọ àwọn ni ife náà wà, pé bó bá sọnù, àwọn ni ọ̀gá ilé-ìwé yóò bi. Mo búra títí ahọ́n mi fi gbẹ. Wọ́n ní kí n fi fóònù mi dúró, mo fi í dúró. Bí wọ́n ṣe ń gbé ife náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: “Ọpẹ́dayọ̀, gbogbo ènìyàn ló ní kí n má fún ọ. Mo fún ọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ mọ́.

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹbí Samuel, ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀gbọ́n mi Fẹ́yìsetán níyàwó, wá mọ ilé wa. Ará ìlú yín ni wọ́n, ilé tó ní igi àgbálùmọ̀ níwájú, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo ti fọ ife náà láàárọ̀, mo gbé e sójú fèrèsé kó gbẹ, mo wá gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ láti wá irin tí màá fi dánra wò. Mo gbàgbé àṣà ilé wa. Nílé wa, bí bàbá ọkọ bá kọ́kọ́ tẹ ẹsẹ̀ wọlé, ohun tó dára jù lọ nínú ilé la fi ń bu omi fún un, bó bá sì ti mu ún tán, ohun náà ti di tirẹ̀. A kì í gbà á padà. Ẹni tó bá gbà á padà, wọ́n ní ọmọ rẹ̀ ló gbà padà yẹn.

Ìyá àgbà ló ni iṣẹ́ yìí. Wọ́n wo gbogbo kọ́ọ̀bù ike ilé wa, wọ́n yínmú. Wọ́n wá rí ife bàbà lójú fèrèsé, tó ń kọ mànà. Wọ́n rò pé màmá mi ló rà á pamọ́ de ọjọ́ náà. Wọ́n tiẹ̀ ní inú àwọn dùn pé ìyàwó ọmọ àwọn ti wá gbọ́n wàyí.

Nígbà tí èmi fi gbé irin dé, bàbá Samuel ti fi kalorímítà ilé-ìwé wa mu omi tán. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, wọ́n ń wo nọ́ńbà tí Tíṣà Andrew fi ìṣó kọ sí ìdí rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ife náà. Wọ́n ní nǹkan àwọn baba ńlá ni, pé irú rẹ̀ kò sí mọ́. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún ayọ̀. Lájídé, èmi náà pàtẹ́wọ́. Kí ni kí n ti ṣe?

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ ẹni tó ni ife. Màmá mi káwọ́ lérí. Ìyá àgbà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Fẹ́yìsetán ní bí ife yẹn bá padà wọ ilé yìí lọ́nàkọnà, kí n máa wá ibòmíràn sùn. Ife mìíràn kò sì lè rọ́pò rẹ̀. Bàbà rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìṣirò, kì í ṣe kọ́ọ̀bù tíì.

Lónìí nílé-ìwé, Tíṣà Andrew bi mí bí ìdánrawò ṣe ń lọ. Mo ní ó ń lọ dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ̀ pé n kò ní dójú ti àwọn. Emmanuella, olórí kíláàsì wa, ní bí mo bá ti tà á, kí n sọ fún òun kí òun tètè lọ kọ́ iṣẹ́ dídi irun. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. N kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí bí ife náà kò bá sí lórí tábìlì ní Ọjọ́bọ̀, ti gbogbo wọn ló bàjẹ́ yẹn, ẹni tó ṣe mí lóore ni wọn yóò sì mú.

Ìrọ̀lẹ́ yìí ni Ìyá àgbà tó pè mí. Wọ́n ní: “A ò lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nǹkan lè yáni.” Mo ti fẹ́ sáré wá bàtà mi. Wọ́n dì mí mú. Wọ́n ní ará ilé ìyàwó kì í lọ tọrọ nǹkan nílé ọkọ kí ìgbéyàwó tó wáyé, pé ọ̀bẹ kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀, kí n rán ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wa. Lájídé, ta ni mo ní ní Ìkòyí bí kò ṣe ìwọ?

Tú àpò náà báyìí. Ife ẹ̀yẹ tí mo gbà nídìí ìdíje Bíbélì ló wà níbẹ̀, o mọ̀ ọ́n, kò sí òmíràn tí mo gbà rí. Mú un lọ bá bàbá Samuel ní kùtù Ọjọ́rú. Mo gbọ́ pé ife bàbà yẹn ni wọ́n fi ń mu ògì gbígbóná báyìí, ó ń jó wọn létè, wọn ò sì jẹ́ fi í sílẹ̀ nítorí ọlá àna. Kò lè ṣe kó má jó wọn, aṣọ rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Àpótí igi náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi níbí, bí ẹ̀wù ẹni tó sọnù.

Dọ̀bálẹ̀ gbalaja, má ṣe ìdajì bí o ti máa ń ṣe. Sọ pé ọmọkùnrin ilé àna wọn ní kí wọ́n máa fi èyí mu ògì, kí wọ́n jọ̀wọ́ yá òun ní tiwọn di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Tiwọn ni kí o pè é, má gbàgbé. Bí wọ́n bá gbà, fi aṣọ wé e, kí o fún Bọ̀dá Dáníẹ́lì tó bá ń padà bọ̀ lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá kọ̀, má jí i. Mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ ara mi. Bí o bá jí i, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi lo jí. Lẹ́yìn ìdánwò, Ìyá àgbà ní àwọn yóò tẹ̀ lé mi lọ jẹ́wọ́ fún Tíṣà Andrew pé ife náà ti bá àna lọ. Ẹ̀rù ìyẹn náà ń bà mí, ṣùgbọ́n ti Ọjọ́bọ̀ ló ṣáájú.

Bá mi kí Bàbá àti Glory. Sọ fún Màmá pé ewúrẹ́ náà ti dárí jì mí, ó kù wọ́n.

O ti mọ̀ pé kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó wá láti Lọ́kọ́ja, kò sì sí ẹni tó sunkún lẹ́yìn èmi. Eré nìyẹn. Irọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé iye tí mo rí bá ti ìwé mu. N kò rí iye kankan rí. N kò tíì fi ọwọ́ ara mi ju irin sínú omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ni mo máa ń wà bí àwọn ará iwájú bá ń ṣe é, tí màá sì máa pariwo ju gbogbo wọn lọ kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Bí ife náà bá dé ní Ọjọ́rú, mo ní ìrọ̀lẹ́ kan. Irin ti wà lọ́wọ́ mi.

                                        Èmi ni tìrẹ tó ń wo ọ̀nà Ìkòyí,
                                        Ọpẹ́dayọ̀.