Ọkọ̀ Ẹlẹ́ja Tó Padà Sí Òdo

Ọmọ mi àtàtà, àbíkẹ́yìn mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o jí, ṣé o sì ń rí oorun sùn ní òkè ilé alájà mẹ́rin tí o ń gbé yẹn? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Ẹ̀mí rẹ á gùn, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, wọn á ti pe orúkọ rẹ kí o tó débẹ̀. Tí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń sọ fún mi tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, adìẹ tí o fi sílẹ̀ ti di ìyá àgbà, mi ò sì mọ èwo ni tìrẹ mọ́ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn ni mò ń fi orúkọ rẹ kí láàárọ̀.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù mi, pé kí n bá ọ yan ọkọ̀ kan nínú mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé gígùn tí o fi tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n fi ṣàlàyé irú ọkọ̀ tó ń pẹ́ láyé àti irú èyí tí kì í dọjọ́ alẹ́. Ọmọ mi, ẹnu yà mí. Màmá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri ilé rẹ̀ fara ti tiwa, ló kà á fún mi. Ká tó ráyè wọ inú ìwé náà rárá, fóònù ní ká kọ́kọ́ fi hàn pé èèyàn ni wá. Ó to àwòrán kéékèèké mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó ní ká tọ́ka sí gbogbo èyí tí ọkọ̀ bá wà nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé ìdánwò ni, pé wọn ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́ wá máa dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọgbọ́n ńlá sì ni. Mo wọ gíláàsì mi. Mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo tọ́ka sí ilé kan tí mo rò pé wọ́n gbé ọkọ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kẹta mo yege, Màmá Tíṣà sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo máa yege láyé mi nìyẹn, bá mi yọ̀.

Ìgbà tí a wọlé tán ni mo rí i pé àwọn ọkọ̀ náà ń ṣe ìdánwò. Wọ́n fún wọn ní máàkì bí ọmọ iléèwé! Orúkọ wọn le lẹ́nu mi, nítorí náà ohun tí wọ́n yà sí wọn nímú ni mo fi ń pè wọ́n. Ẹlẹ́yẹ gba mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, Alágbòòrùn gba mẹ́rìnléláàádọ́rin, Ẹlẹ́ja tó wà lẹ́yìn pátápátá gba méjìdínlógójì, ojú tì mí fún un. Mo bi Màmá Tíṣà pé mọ́kànlá tí Ẹlẹ́yẹ kò gbà, ìbéèrè wo ni kò mọ̀ níbẹ̀, ó ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń jà mí láyà, torí tó bá lọ jẹ́ pé ìbéèrè búrékì ni ńkọ́? Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn tó ní ọkọ̀ ni wọ́n bi, pé ara ọkọ̀ yín ńkọ́, kí ló ṣe é, ìgbà wo ló ṣe é. Orí mi wú. Ẹni tó lọ kan ilẹ̀kùn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún láti béèrè àlàáfíà ọkọ̀, tí ẹnì kankan ò tíì kan tèmi béèrè orúnkún mi rí!

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ìwé ìlérí. Àwọn tó ṣe Ẹlẹ́yẹ fọwọ́ sí ìwé pé tí ohunkóhun bá ṣe é láàárín ọdún méje, àwọn á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún méje, ọmọ mi. Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ, àwọn àna mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan. Dókítà tó gbẹ̀bí rẹ náà kò fọwọ́ sí nǹkan kan, ó kàn gbé ọ lé mi lọ́wọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá tilẹ̀ fún mi níwèé pé mo lè dá ìyá rẹ padà, ìwé yẹn á gbó sínú àpótí ni, mi ò ní í dá a padà.

Mo mọ ìdí tí o fi ń wá ọkọ̀ tí kì í yẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí tí bọ́ọ̀sì dá dúró sójú ọ̀nà mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí o máa fi dé, wọ́n ti ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára ṣọ́bìrì. O jókòó sórí àpótí níwájú ilé, o ní o kò ní gba ọ̀nà yìí mọ́ àfi nínú ọkọ̀ tí kò lè já ọ kulẹ̀. Láti ìgbà náà owó rẹ ń dé, ohùn rẹ ń dé, ìwọ gan-an ni kò dé. Nítorí náà mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ tí o rán mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo kọ ọ́ sórí páálí pé télọ̀ lọ wo ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀, mo gbé àpótí ìjókòó mi, ó di ọgbà mẹkáníìkì.

O rántí mẹkáníìkì tí à ń pè ní Fetísílẹ̀, ẹni tó máa ń fi ẹnu sukurudáfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, tá á fi ìdí rẹ̀ kan etí, tá á wá dijú bí ẹni tó ń gbọ́ àṣírí. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó tì í. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti wọlé, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sára ògiri fún un. Alágbòòrùn wá lẹ́ẹ̀meje. Ẹlẹ́yẹ wá lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ pé onítọ̀hún kàn wá béèrè ọ̀nà ni. Ẹlẹ́ja kò wá rárá! Ọmọ mi, mo fò sókè. Mo ní ẹ wò ó, àwọn tó kọ ìwé ti purọ́ mọ́ ọmọlọ́mọ, ọkọ̀ tó gba méjìdínlógójì ni kì í ṣàìsàn! Fetísílẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹ̀yìn ọgbà ló mú mi lọ. Ẹlẹ́ja mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ nínú koríko, òmíràn ò ní ilẹ̀kùn, òmíràn ò ní ojú, alángbá ń yọ orí wò mí láti ojú fèrèsé wọn, adìẹ kan sì sàba sórí ìjókòó awakọ̀. Fetísílẹ̀ ní òkú kì í lọ sí ọsibítù. Mo bọ́ fìlà mi.

Mo ti pinnu pé tí mo bá délé, màá ní kí Màmá Tíṣà bá mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí ọ pé Ẹlẹ́yẹ ni kí o rà, kí ọ̀rọ̀ parí, ìgbà yẹn gan-an la gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, awakọ̀ àgbà tó ti ń gbé èèyàn láti ìgbà tí o wà lẹ́yìn ìyá rẹ, tó kọ ọ́ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò tiẹ̀ rántí rí pé Ẹlẹ́ja ni ọkọ̀ náà, nítorí ẹja tó wà nímú rẹ̀ ti parẹ́, ìrù ló kù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà lójú ọ̀nà. Ó ní ká wá wo nǹkan. Nínú ihò kékeré tí ọkọ̀ ti máa ń ka ìrìn tó ti rìn, ẹ̀sán-án kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àfi ti ìparí tó kù díẹ̀ kí òun náà di ẹ̀sán-án. Fetísílẹ̀ ní ihò márùn-ún péré ló wà níbẹ̀, pé tó bá ti kún, gbogbo rẹ̀ á yí padà di òdo, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi ṣe ihò sí i. Ó ní àwọn tó ṣe é ò rò pé ó lè débẹ̀. Tún ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ọmọ mi. Àwọn tó bí i gan-an ò retí rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìkẹrin ló fẹ́ dé yìí!

A wọ ọkọ̀. Iwájú ni mo jókòó sí, nítorí èmi ni mo rán aṣọ ìjókòó rẹ̀, Màmá Tíṣà, tí a yà gbé nílé, àti Fetísílẹ̀ wà lẹ́yìn, sípánà wà lórí itan Fetísílẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò sáré, ewúrẹ́ kan yà wá sílẹ̀ tó tún bojú wẹ̀yìn wò wá. Àwọn èèyàn gbọ́, wọ́n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń yọjú wọlé láti ojú fèrèsé, wọ́n ń béèrè pé ṣé ó ti tó, mo ní kò tíì tó. Nígbà tó máa ṣẹlẹ̀, ibi tí kò sí nǹkan kan ló ti ṣẹlẹ̀, lẹ́bàá ògiri ilé ọlọ, níbi tí wọ́n sá aṣọ sí. Ẹ̀sán-án márùn-ún náà gbọ̀n, gbogbo wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ìjọ bá dìde, òdo márùn-ún wá jókòó sáàyè wọn. Ariwo sọ. Mo sunkún, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Inú mi dùn, ó sì dùn mí pé ìyá rẹ kò rí i.

Mo bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé oògùn wo ló lò tí ẹja rẹ̀ fi wà láàyè tí mọ́kànlá fi kú. Ó ní òun ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, òun kì í sì í fi ìbínú wa ọkọ̀. Mo ní nítorí náà ọkọ̀ rẹ̀ kò já a kulẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní iye ìgbà tó ti dá dúró sójú ọ̀nà mọ́ òun lọ́wọ́, kò sí ihò tó lè gbà á. Ó ní òun máa ń sọ̀kalẹ̀ ni, òun á jẹ́ kí ara rẹ̀ tutù, òun á tọwọ́ bọ̀ ọ́, àwọn á sì délé.

Ìdáhùn tí mo ní fún ọ rèé: Ẹlẹ́yẹ ni kí o rà. Fetísílẹ̀ fọwọ́ sí i, ìwé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn náà ò parọ́. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí a máa retí ẹyẹ kí a tó fojú kàn ọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n baba náà ń dàgbà.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Mo fẹ́ kí o fi owó epo ránṣẹ́, àti ti ọ́ìlì gálọ́ọ̀nù kan, àti ti táyà ẹ̀yìn kan tó ti dán bí orí mi. Bá àwọn ará báǹkì sọ̀rọ̀ kí wọ́n ki owó tó dára sínú fóònù, èyí tó gbabẹ̀ wá lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti ya nígbà tí mo máa fi gbà á, ọ̀nà ti jìn ni. Níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé ọkọ̀ náà sí báyìí, mo ti rán aṣọ bò ó, kò sì ní rin ẹsẹ̀ kan títí di Sátidé tí oṣù bá parí, nítorí mo bẹ̀ ẹ́ pé ìrìn ọ̀dọ̀ rẹ ni kó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka oókan. Tí o kò bá wá, àwa ń bọ̀.

Ó ṣeé ṣe kó dá dúró sójú ọ̀nà. Tó bá dá dúró, a ó sọ̀kalẹ̀, a ó jókòó sínú koríko, ìwọ náà á sì jókòó síbẹ̀ yẹn máa retí bàbá rẹ tó ti pẹ́. Tí mo bá wá yọ sí ọ níkẹyìn, pẹ̀lú eruku lára, tí oúnjẹ tí o sè fún mi ti tutù, ṣé wàá bínú sí mi? Èmi náà ò bínú sí ọ rí. Ìyá rẹ náà kò bínú.

Ọ̀nà á là fún ọ, ọmọ mi. Ibi tí o bá ti dá dúró, wàá tún gbéra, wàá sì délé.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀, tó ń retí rẹ.