Ẹni tí Kò Jọ̀wọ́ Ẹbí: Ìgbésí Ayé Ramlah Àjíkẹ́ Ọláníran (1979–2025)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà ìpọ́njú là ń mọ̀rẹ́. Ẹbí Adégòkè ti Kuje-Amuwo ti wá rí i báyìí pé ìgbà náà là ń mọ ọmọ ìyá pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1979 ni a bí Ramlah Àjíkẹ́ ní Kuje, sínú ilé Alhaji Busari Adégòkè àti Alhaja Sàláwátù, tí wọ́n ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní Mazamaza. Àwọn méjèèjì ti di olóògbé. Ọmọ Ìwó Olódò Ọbà ni, ọmọ atẹ́ní gbọlá, atẹ́ní gbọrẹ nílé odídẹrẹ́. Ṣàmsúdéènì ni àkọ́bí, Ramlah tẹ̀lé e, Afeez tẹ̀lé Ramlah, Raodah sì ni àbígbẹ̀yìn.

Festac ni olóògbé ti ka ìwé mẹ́fà àti ìwé mẹ́wàá. Ilé kéú ni nírọ̀lẹ́, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì lára. Ní ọdún 1999 ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ó kọ́ nípa oúnjẹ ṣíṣe. Ọdún 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwúkàrà, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Ní ọdún 2005 ó fẹ́ Alhaji Ganiyu Ọláníran, ọkọ rere tí ọlọ́jọ́ dé bá ní ọdún 2016. Allāhu fi Jamal àti Tawheed ta wọ́n lọ́rẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ìwúkàrà. Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi lọ. Ó ní ẹ̀dá alààyè ni, ìbátan olú, àti pé irú kan wà nínú wọn tó ní ọwọ́ wẹ́wẹ́ lára, tí a fi purotéènì ṣe. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú omi, ṣúgà ni ọwọ́ náà ń dì mú, kálukú a sì máa lúwẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọjọ́ tí ṣúgà bá tán, ọwọ́ ṣófo, wọn a di ẹ̀wù ọmọ ìyá wọn mú, wọn a di ìṣù, wọn a jọ rì sísàlẹ̀. Bí májèlé bá dé, àwọn tó wà lóde ìṣù náà ló ń kọ́kọ́ kú. Wọ́n fi ara wọn bo àwọn ti inú.

Ní ọdún 2013 ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Kuje, ó kó àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni ilé fi kún. Gbogbo Jímọ̀ ni àwa ẹbí jọ ń jẹun. Nígbà tí ìyẹ̀fun àti dísùlù gbówó lórí, tí ààrò kú ní ọdún 2023, ó gbé gíláàsì ìwúkàrà kalẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí wọ́n wò ó bó ti ṣùjọ. Afeez rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ tún ti gbé ìwé dé. Ṣé ìwúkàrà ló máa bọ́ wa ni?" Kí oṣù tó parí, Afeez ti wà ní Kotonu, Ṣàmsúdéènì ti wà ní Ìkòròdú. Ṣúgà ni ọwọ́ wa dì mú ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Àìsàn kíndìnrín dá a dùbúlẹ̀ sí ọsíbítù ní oṣù Kejì ọdún 2025. Raodah pe Ẹ̀gbọ́n, Ṣàmsúdéènì. Ẹ̀gbọ́n ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé." Gbogbo Sátidé ni olóògbé ń sọ pé, "Raodah, gbé ẹrù kúrò lórí àga yẹn. Bọ̀dá ò lè wà lóòró." Nọ́ọ̀sì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Jamal, ṣé gómìnà lẹ ń retí ni?" Ó ní, "Ó ju gómìnà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Sátidé mẹ́sàn-án ni ọmọ atẹ́ní gbọrẹ fi tẹ́ní, tí àlejò kò dé. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin ó dákẹ́, àga ṣófo.

Nígbà yìí ni Ẹ̀gbọ́n pè, wọ́n ní àwọn yóò mú màlúù wá sí fídáù, kí orúkọ àwọn sì ṣíwájú nínú ìwé yìí. Ó ṣíwájú. Àwọn tó gbẹ̀yìn olóògbé ni: Ṣàmsúdéènì, Afeez àti Raodah, ọmọ ìyá rẹ̀, Jamal, ọmọ ọdún méjìdínlógún, àti Tawheed, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá mọ́. Olóògbé kò dúró rí ọmọ-ọmọ.

Àjíkẹ́, o fara bo àwọn ti inú, o ṣe é. Kí Allāhu tẹ́ní fún ọ ní Àlùjánnà, kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára rẹ. Sùn un re o.

Raodah gbé àga ọsíbítù náà wá, ó wà lápá ọ̀tún Tawheed lónìí. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń bẹ̀ lójú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ péjọ: Bọ̀dá Ṣàmsú, bí àdúrà bá parí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ. Ẹ jókòó, kí ẹ di ọwọ́ Tawheed mú.