Àwọn Ọkọ̀ Kékeré Tó Ń Ṣọ́ Mi ní Fẹ́sítáàkì

Ẹ kú ilé o, ìyá mi, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Fẹ́sítáàkì níbí. Mo kí Bọ̀dá Làmídì, àkọ́bí yín, tí yóò bá yín ka lẹ́tà yìí sókè. Kí wọ́n jọ̀wọ́ kà á bí mo ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má fi ìwàásù tiwọn kún un. Mo kí ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Ṣakí, títí kan àwọn tó ń sọ pé mo ti di ará Èkó tí kì í bojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ló jẹ́ kí n fún ìwé ìròyìn ní lẹ́tà yìí, kí gbogbo wa lè jọ gbọ́ ọ.

Ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, ẹ̀rín ni mo sì máa ń fi dáhùn, nítorí tí mo bá wí, ẹ ó ní orí mi ti yí. Ọkọ̀ ni mò ń tọ́jú, ìyá mi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí èèyàn kò lè wọ̀ ni. Ọ̀gá mi, tí wọ́n ń kó ọkọ̀ àlòkù wọlé láti òkè òkun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ló ń kó wọn jọ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí àwọn olówó Òyìnbó fi ń sá eré burúkú, irú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kékeré, gígùn rẹ̀ kò ju bàtà mi lọ. Ẹ má pè é ní ohun ìṣeré ọmọdé lójú ọ̀gá mi o, wọn ò ní bá yín jẹun mọ́. Àwọn kan jẹ́ irin tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù. Wọ́n wúwo lọ́wọ́, ilẹ̀kùn wọn ń ṣí, tí ẹ bá sì gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì àti wáyà tó tín-ín-rín bí irun orí. Àwọn mìíràn jẹ́ résìn, oje kan tí wọ́n pò tó wá le bí ike. Ìwọ̀nyẹn ló dán jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí. Awọ gidi ni wọ́n fi bo ìjókòó inú wọn, bẹ́líìtì wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ láéláé. Lójoojúmọ́ ni mò ń nu àwọn ìjókòó yẹn.

Ooru Fẹ́sítáàkì kò ṣeé fẹnu sọ, ṣùgbọ́n òtútù ló ń pa mí. Résìn kò fẹ́ ooru, ó máa ń wọ́. Irin kò fẹ́ ọ̀rinrin. Nítorí náà, wọ́n ti lẹ fèrèsé yàrá tí àwọn ọkọ̀ náà wà pa, ẹ̀rọ amúlétutù kì í sì í sinmi. Bí iná ìjọba bá lọ pẹ́nrẹ́n, mo gbọ́dọ̀ sáré tan jẹnẹrétọ̀. Èmi ọmọ Ṣakí, súẹ́tà ni mò ń wọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo máa ń wo àwọn aládùúgbò láti ojú fèrèsé, mò ń rí ẹnu wọn, n kò gbọ́ ohùn wọn. Ìyàwó ọ̀gá àti àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun, ọ̀dọ̀ wọn sì ni ọ̀gá fúnra wọn máa ń wà. Àǹtí Ṣadé tó ń bá mi dirun ní Kúje, nítòsí wa níbí, ní kí n yé ráhùn, pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi orí ru ẹrù nínú oòrùn ní Máìlì Tú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Inú yàrá yẹn náà ni owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí yín ti ń jáde. Síbẹ̀, ó sú mi.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo rí i pé táyà àwọn ọkọ̀ náà, tó jẹ́ rọ́bà gidi, ti ń funfun, ó sì ń sán. Kí la fi ń pa ohun tó bá gbẹ nílé wa? Mo mú òrí tí ẹ fi rán awakọ̀ sí mi, mo fi pa gbogbo táyà náà bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Wọ́n dán gbinrin. Kò pẹ́ ni rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ pákó tí wọ́n gbé e lé. Nígbà tí ọ̀gá dé, tí wọ́n gbé ọ̀kan, ọkọ̀ gbéra, táyà kò tẹ̀ lé e. Ìyá mi, inú mi dùn. Mo ti ká aṣọ mi sínú báàgì, mo ní wọ́n á lé mi, n ó sì wá sílé láìjẹ́ pé èmi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní nínú gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí pé òùngbẹ ń gbẹ táyà. Wọ́n pè mí ní ìyá àwọn ọkọ̀, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lé mi lọ́wọ́. Ohun tí ì bá tú mi sílẹ̀ ló tún wá dè mí mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Bọ̀dá pè mí nípa ojú yín. Wọ́n ní dókítà sọ pé èyí tó ti lọ kò ní padà, èyí tó kù náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ẹ ní, "Wá jẹ́ kí n rí ẹ kí ilẹ̀ tó ṣú bá mi." Mo ní ọ̀gá kò ní jẹ́ kí n lọ. Ohun tí mò ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bi ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọ̀gá wálé, mo bi wọ́n. Wọ́n wò mí tìyanutìyanu, wọ́n ní, "Ta ló há ẹ mọ́bí? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ ẹ ni?" Wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn fúnra àwọn á máa tan jẹnẹrétọ̀.

Mo gbé báàgì, mo dé Máìlì Tú. Ọkọ̀ Ìbàdàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó ku ẹnì kan. Awakọ̀ ní kí n wọlé, ẹsẹ̀ mi kò gbé. Mo sọ fún ara mi pé iná á ti lọ, pé ọ̀gá á ti gbàgbé. Mo padà. Iná kò lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òtútù yẹn, mo sunkún.

Kì í ṣe ọ̀gá ló dè mí, ìyá mi, kì í sì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó dúró níwájú yín, ẹ ó sì béèrè pé ta nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì dé, mo ṣì lè sọ pé ojú yín ṣì lè rí mi.

Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Kí lẹ́tà yìí tó jáde, n ó ti wà lọ́nà. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí mo bá wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé èmi ni. Bọ̀dá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákẹ́. N ó kúnlẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ fi wá iwájú orí mi, imú mi, àgbọ̀n mi. N kò kọ orúkọ mi sísàlẹ̀ ìwé yìí. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè é.

Èmi ni,
ọmọ yín.