Ihò Mẹ́ta Lára Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí aya rẹ àtàwọn ọmọ. Ṣé ara yín le? Ikọ́ rẹ yẹn ńkọ́, ṣé o ti fi han dókítà? Má fojú di í o. Fóònù rẹ ò wọlé láti àná, ni mo ṣe fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ èrò tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Àbúrò rẹ obìnrin ni. O mọ̀ pé wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dá. Wọn ò la ikùn rẹ̀. Ihò tíntìntín mẹ́ta ni wọ́n dá sí i, wọ́n ti kámẹ́rà tó rí bíi bírò bọ inú rẹ̀, wọ́n sì gba ojú ara fa ilé ọmọ náà jáde. Lọ́jọ́ kejì ló ti ń rìn. Dókítà kìlọ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀ lójú mi pé: "Ẹ má wo ìta ara. Inú lọ́hùn-ún ni egbò wà. Kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo." Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Wọ́n délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ní kó ṣí aṣọ kí òun rí ojú abẹ. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí náà niṣẹ́ abẹ? Ẹ̀fọn ló jẹ ọ́ jàre! Èmi tí wọ́n là bí ẹja nígbà tí mo bí ọkọ rẹ, ṣebí mo fọṣọ lọ́jọ́ kẹta." Látìgbà náà, Ẹ̀fọn-jẹ-mí ni wọ́n ń pè é nínú ilé. Mo bi ọkọ rẹ̀ pé kí ló sọ sí i. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé màmá fẹ́ràn àwàdà."

Wọ́n ní kó máa pọnmi gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. O mọ̀ ọ́n, kì í lè kọ̀ fágbà. Orí àtẹ̀gùn ni ibi tí wọ́n rán nínú rẹ̀ ti já. Bí aládùúgbò ṣe ń sáré gbé e lọ sọ́sibítù, ìyá ọkọ rẹ̀ ń pariwo pé ta ni yóò nu ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀.

Wọ́n ti tún un rán, ó yè. Ṣùgbọ́n ó ní dandan lòun máa padà síbẹ̀, kí wọ́n má baà fẹ́ ẹlòmíì tó ní ilé ọmọ lé òun lórí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní mo ti darúgbó jù láti tọ́jú òun. Ìwọ nìkan ló máa ń gbọ́ tirẹ̀. Wá mú un kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n rọra wakọ̀ o, kí o sì wọ súwẹ́tà.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àtàbọ̀ rẹ. O ò ní fojú sunkún ọmọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tí kò róorun sùn.

Àfikún: N kò tíì rí awakọ̀ náà fún lẹ́tà yìí nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún àbúrò rẹ lọ́sibítù. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣófo. Nọ́ọ̀sì ní ọkọ rẹ̀ ti wá mú un. Mo ní ṣé ọkọ náà bá a gbé báàgì rẹ̀. Ó ní, "Rárá, bàbá. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ìyàwó ló gbé e."